Blank tó ń fi inú hàn: àwọ̀ ọ̀dà wo ló yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀?

Ọmọṣẹ́Gègé béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ní blank acrylic mẹ́rin nílẹ̀ (ọ̀pá ike tí a ń lu, tí a sì ń gbẹ́ di ara bíírò) tí gbogbo wọn ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọnú: búlúù gaara kan, pupa kan, aláwọ̀ oyin kan, àti elésè àlùkò kan tó ní lẹ́búlẹ́bú mica (òkúta tó ń dán) tó ń yí po nínú rẹ̀. Bíírò Slimline, èyí tó ń lo túùbù idẹ 7 mm méjì, ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí búlúù bá ti ń fẹ́lẹ́ lórí lathe (ẹ̀rọ tó ń yí blank po ká lè gbẹ́ ẹ), idẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ náà á sì yí sí àwọ̀ ewé kan tó dọ̀tí. Ipa ẹnu dírìlì ń hàn ní ìlà róbótó-róbótó. Níbi tí súpà gúlù ò bá sì dé, àmì funfun á wà níbẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta: ṣé túùbù ni ká kùn ni àbí inú ihò blank? Àwọ̀ wo ló bá èwo mu nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí? Àwọn kan ní funfun ló dáa fún gbogbo rẹ̀, àwọn kan ní dúdú. Ọ̀dà wo sì ni gúlù ò ní bàjẹ́?

Àgbẹ́gi_Ọ̀yọ́ fèsì:

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ àwọ̀ ná, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú.

Ìmọ́lẹ̀ á gba inú resin, ìyẹn ike tí wọ́n fi ṣe blank, wọlé, á kan ohun tó wà nísàlẹ̀, á tún gba inú resin kan náà jáde padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni resin ń sẹ́ ẹ. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ kò lè fi àwọ̀ kankan kún èyí tí resin ti sẹ́ kúrò. Kó tún dín in kù sí i nìkan ló lè ṣe. Idẹ máa ń gbé búlúù mì, pupa àti yẹ́lò ló ń dá padà. Resin búlúù ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí pupa kọjá. Ohun tó ṣẹ́kù tí àwọn méjèèjì jọ gbà láàyè ni àwọ̀ ewé ṣíṣú tí ẹ ń rí yẹn. Kò sí àléébù nínú blank yín rárá.

Ìdí kan náà ni idẹ kò fi ba aláwọ̀ oyin jẹ́. Ohun tí idẹ ń dá padà ni resin yẹn ń jẹ́ kó kọjá. Ẹ lè fi túùbù rẹ̀ sílẹ̀ láìkùn, kẹ́ ẹ kàn fi sánpépà 400 ra á dáadáa kó má baà ní ìlà jágajàga, kẹ́ ẹ sì fi gúlù epoxy tó mọ́ gaara lẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó tàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ wúrà ni kẹ́ ẹ kùn. Funfun á sọ ọ́ di yẹ́lò ọsàn wẹ́wẹ́, èyí tí èmi ò kà sí ìlọsíwájú.

Búlúù: funfun bí ẹ bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀, fàdákà bí ẹ bá fẹ́ kó dà bí irin tí wọ́n kùn.

Pupa: ẹ ṣọ́ra fún funfun. Pupa tó fẹ́lẹ́ lórí funfun máa ń di rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀dà pupa tàbí wúrà ló yẹ ẹ́. Wúrà á mú kó gbóná díẹ̀, pupa á jẹ́ kó wúwo. Ẹ má gbìyànjú àwọ̀ ewé lábẹ́ pupa, tàbí yẹ́lò lábẹ́ búlúù, pẹ̀lú èrò pé àwọ̀ tuntun kan á jáde. Ẹrẹ̀ ló máa jáde.

Elésè àlùkò tó ní mica yẹn ló yàtọ̀. Lẹ́búlẹ́bú mica ń dá ìmọ́lẹ̀ padà fúnra rẹ̀, kò nílò ọ̀dà láti ràn án lọ́wọ́. Àlàfo tó wà láàárín lẹ́búlẹ́bú yẹn ni wàhálà. Bí ìsàlẹ̀ bá funfun, ìmọ́lẹ̀ tó gba àlàfo wọlé á padà wá, á bo dídán mica mọ́lẹ̀. Bí ó bá dúdú, ibẹ̀ ló máa parí sí, mica nìkan ni ojú á máa rí. Dúdú ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ṣùgbọ́n blank tí kò ní mica, tó jẹ́ pé aró nìkan ló wà nínú resin rẹ̀, bí ẹ bá fi dúdú sí i, dúdú náà ni ẹ máa gbé kúrò lórí lathe.

Kí ẹ tó kùn ohunkóhun, ẹ dán an wò ní ìwọ̀n tó máa kù gan-an. Bushing Slimline (òrùka irin tó ń fi ibi tí ẹ máa gbẹ́ blank dé hàn) fẹ̀ tó bíi 8.4 mm, túùbù sì jẹ́ 7 mm. Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì, ẹ pín in sí méjì: resin tó máa kù ní ẹnu bíírò kò ju 0.7 mm lọ. Blank 19 mm tó wà ní igun mẹ́rin lọ́wọ́ yín kò lè sọ fún yín bí 0.7 mm ṣe máa rí. Ẹ gé ìdá kékeré kúrò ní ìdí blank, ẹ fi sánpépà yún un títí tó fi kù bíi 1 mm, ẹ dán ojú kan rẹ̀. Ẹ kùn páálí funfun kan ní ìlà ìlà: funfun, dúdú, fàdákà, wúrà, àti àwọ̀ blank fúnra rẹ̀. Tó bá gbẹ, ẹ kán omi sórí ìlà kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó gbé resin yẹn lé e. Omi yẹn ṣe pàtàkì. Láìsí i, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín á máa dá ìmọ́lẹ̀ padà, gbogbo àwọ̀ á rí bàìbàì, ẹ ó sì yan èyí tí kò tọ́. Ẹ wò ó lóde ní ọ̀sán, kẹ́ ẹ tún wò ó lábẹ́ iná gílóòbù, torí àwọ̀ méjì tó jọra nínú oòrùn lè yàtọ̀ síra nínú ilé.

ÌyáBíírò fèsì:

Ọ̀gá ti sọ ti àwọ̀. Èmi á mú ìbéèrè kìíní àti ìkẹta.

Méjèèjì ni kẹ́ ẹ kùn, ihò àti túùbù, pẹ̀lú ọ̀dà kan náà. Bó bá jẹ́ túùbù nìkan lẹ kùn, gúlù ló máa wà láàárín resin àti ọ̀dà. Ibikíbi tí gúlù ò bá dé, afẹ́fẹ́ á wà níbẹ̀, ojú á sì rí i láti ìta bí àmì funfun. Ohun tí ẹ ń rí nìyẹn. Bó bá jẹ́ inú ihò lẹ kùn, ọ̀dà ti lẹ̀ mọ́ resin tímọ́tímọ́. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Ó tún máa ń wọnú ipa ẹnu dírìlì, á sì mú kí ìlà róbótó yẹn rọlẹ̀ gan-an. A tún ń kùn túùbù torí pé nígbà tí ẹ bá ń tì í wọlé, ó lè ha ọ̀dà ihò níbì kan, èyí tó wà lára túùbù á wá dí i.

Ẹ tún ihò náà fẹ̀ díẹ̀. Ọ̀dà ní ìnípọn. Níbi tí ìwé àlàyé bá ti ní 7 mm, ẹ lo 7.2 mm, kí túùbù lè wọlé nípa ìwúwo ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ń fipá tì í. Ihò tó há ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìlà gígùn tí àwọn ènìyàn ń rí lára bíírò tí wọ́n ti kùn.

Dírìlì lílu: ẹnu dírìlì tó mú, kó má yí kíákíá, bíi 500 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ti wọlé tó 1 cm, ẹ fà á jáde kẹ́ ẹ gbọn èérún rẹ̀ dànù. Acrylic tó bá gbóná máa ń yọ́, á lẹ̀ mọ́ ẹnu dírìlì, á sì fa ojú ihò ya. Ẹ gé blank ní 1 cm ju túùbù lọ, ẹ má sì jẹ́ kí dírìlì yọ sí òdìkejì. Ẹ dúró nínú, kẹ́ ẹ wá fi ayùn gé ìdí yẹn kúrò. Ìgbà tí dírìlì bá ń yọ síta ni blank sábà máa ń fọ́.

Ọ̀dà: acrylic olómi, irú èyí táwọn ayàwòrán ń lò. Ẹ fi omi díẹ̀ là á kó lè ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ dà á sínú ihò, ẹ yí blank po kó kan gbogbo ara, tàbí kẹ́ ẹ fi igi òwú tí wọ́n fi ń nu etí ra á yíká. Ẹ wá gbé e dúró lóòró lórí tíṣù kí àjẹkù ṣàn jáde. Bí ẹ bá fi í dùbúlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan á nípọn, túùbù ò sì ní wọlé. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24, kẹ́ ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Afẹ́fẹ́ kì í ráyè nínú ihò tóóró, nítorí náà ẹ má wo ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ìgò. Funfun sábà máa ń nílò ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta kó tó bo ìsàlẹ̀. Dúdú lè bò ó ní ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹnu ihò nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ibi tí ọ̀dà ò bá dé á tàn bí ìràwọ̀. Ẹ kùn ún sí i.

Túùbù: ẹ fi sánpépà 150 ra ara rẹ̀, ẹ fi spírítì nù ún, ẹ kùn ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ gé ọ̀dùnkún ní pẹlẹbẹ, kẹ́ ẹ tẹ ẹnu túùbù mọ́ ọn kó dí, kí gúlù má baà wọ inú túùbù. Plasticine táwọn ọmọdé fi ń ṣeré náà dáa.

Gúlù: epoxy onítúùbù méjì, ìdá kan sí ìdá kan. Èyí tó ń gan ní ìṣẹ́jú márùn-ún lè ṣe é, ṣùgbọ́n ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló ń fún afẹ́fẹ́ láyè láti jáde. Ẹ fi lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ gbígbẹ kan náà sí i, kó má ju orí ìṣáná lọ. Ẹ má fi ọ̀dà olómi po epoxy. Omi inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó gan dáadáa. Ẹ ra epoxy sínú ihò àti sára túùbù, ẹ máa yí túùbù bí ẹ ṣe ń tì í wọlé, ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó gbé e sórí lathe. Gúlù polyurethane tó máa ń hó kò yẹ nídìí iṣẹ́ yìí rárá. Ìhó rẹ̀ á ti ọ̀dà kúrò lára ihò.

Aláró fèsì:

Ẹ kú làákàyè. Èmi ò fara mọ́ funfun lábẹ́ búlúù tí ẹ̀gbọ́n Àgbẹ́gi sọ, fún Slimline ní pàtàkì.

Bíírò kì í sábà rí gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹnu bá jẹ́ 0.7 mm, àárín lè tó 1.5 mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá fún un ní ikùn díẹ̀. Lórí funfun, gbogbo ìyàtọ̀ ìnípọn yẹn ló máa hàn: àárín á jẹ́ búlúù tó jinlẹ̀, ẹnu méjèèjì á sì ṣì bí aṣọ tó ti pẹ́ nínú oòrùn. Ọ̀dà búlúù tó sún mọ́ àwọ̀ blank ló ń bo ìyàtọ̀ yẹn, torí níbi tí resin bá ti fẹ́lẹ́, ọ̀dà á gba iṣẹ́ ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ po funfun díẹ̀ mọ́ búlúù náà. Funfun lásán, ara bíírò tó lọ tààrà ló yẹ, tàbí èyí tí resin rẹ̀ ṣú tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé láìsí funfun, dúdú ni yóò jọ.

Lórí fàdákà: ọ̀dà tó ní èérún irin máa ń tẹ̀ lé ojú ihò, ipa dírìlì á sì máa kọ mọ̀nà bí ẹ bá ń yí bíírò lọ́wọ́. Ọ̀dà tí kò dán ló ń fi àṣìṣe pamọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lo fàdákà, ẹ ká sánpépà 400 mọ́ igi róbótó tẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ fi ra inú ihò títí tí ìlà á fi lọ, kẹ́ ẹ fi spírítì nu eruku rẹ̀, kẹ́ ẹ tó kùn ún.

Kẹ́mísírì_Lásán fèsì:

Ẹ dá spírítì dúró níbẹ̀ o. Lára túùbù idẹ, kò burú. Nínú ihò acrylic, ewu ni. Dírìlì àti ooru rẹ̀ ti kó wàhálà sínú resin yẹn. Bí spírítì bá kàn án, ó lè sán ní ìlà tínńtínrín tó pọ̀, nígbà míì kò ní hàn títí ẹ ó fi dán bíírò tán. Omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ti tó. Ẹ ṣan án, ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí náà ló wà nídìí ọ̀dà spray àti kútẹ́ẹ̀sì. Àwọ̀ kútẹ́ẹ̀sì rẹwà, mo gbà, ṣùgbọ́n acetone tàbí ẹbí rẹ̀ ló ń là á, ó sì ń jẹ acrylic. Lára túùbù nìkan ni kẹ́ ẹ ti lò ó, kó sì gbẹ pátápátá kí ó tó wọnú blank. Resin polyurethane bíi Alumilite ń fara da irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ju acrylic lọ. Celluloid, irú ike mìíràn, ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fi acetone kàn rárá. Yíyọ́ ló máa yọ́.

Ọ̀dà enamel táwọn tó ń ṣe mọ́tò kéékèèké ń lò máa ń bo ìsàlẹ̀ dáadáa ju ti olómi lọ, ṣùgbọ́n nínú ihò tóóró ó lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó gbẹ dénú. Bí òórùn rẹ̀ bá ṣì ń jáde, kò tíì gbẹ. Bí ẹ bá fi epoxy bò ó báyẹn, ohun tó ń là á á há sínú. Ooru gbígbẹ́ àti dídán á sì wú u kúrò lára resin.

Súpà gúlù lórí ọ̀dà: ó ń gan kíákíá jù, túùbù lè dúró sí àárín ọ̀nà, òun náà sì lè rọ ọ̀dà kan kó wó pọ̀. Bí ẹ bá fi oògùn ìmú-gan fọ́n sí i, ó burú sí i.

Ọmọṣẹ́Gègé kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ohun méjì ló kù. Tí mo bá fi pen mill (irin abẹ tí a fi ń fá ẹnu blank) fá ẹnu blank kó gún, ṣé ọ̀dà ò ní ya? Àti pé, èyí tí mo ti gbẹ́ tán tí idẹ ń hàn lábẹ́ rẹ̀, ṣé ọ̀nà kankan wà láti tún un ṣe?

ÌyáBíírò fèsì:

Ó lè ya o. Ẹnu pen mill máa ń fa ọ̀dà kúrò ní etí ihò, òrùka funfun tẹ́ẹ́rẹ́ á sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin bíírò. Sánpépà ni kẹ́ ẹ lò: ẹ lẹ 220 mọ́ pátákó tó tẹ́jú, ẹ di blank mú kó dúró gbagidi, ẹ yún un títí tí etí idẹ á fi kọ yíká, kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá yún kọjá ibẹ̀, túùbù á kúrú, bíírò ò sì ní yí dáadáa. Ẹ fi ọ̀bẹ kékeré ha epoxy inú túùbù kúrò kẹ́ ẹ tó ṣe èyí, torí ó lè mú kí blank jókòó wíwọ́.

Nígbà dídán pẹ̀lú, omi tí a ń lò pẹ̀lú Micro-Mesh (àwọn pádì ìdán), láti 1500 dé 12000, máa ń wọlé láti ẹnu. Ọ̀dà olómi á mu ún, á wú, etí á ṣì. Ẹ fi súpà gúlù tó ṣàn kán ẹnu méjèèjì díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yún un, kó dí ojú ọ̀dà, kẹ́ ẹ sì máa fi aṣọ nu omi kúrò láàárín pádì kan sí èkejì.

Àgbẹ́gi_Ọ̀yọ́ fèsì:

Aláró, ẹ jàre lórí ọ̀rọ̀ ikùn bíírò. Bó bá lọ tààrà ni mo ní lọ́kàn. Fún oníkùn, búlúù pẹ̀lú funfun díẹ̀ náà ni kó lò.

Ọmọṣẹ́, èyí tí ẹ ti gbẹ́ tán kò ní àtúnṣe lábẹ́. Láti yọ túùbù, ẹ ó tún dírìlì gba inú rẹ̀, resin tó sì ti di 0.7 mm kò ní dúró fún dírìlì. Fífọ́ ló máa fọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú gbà á, ẹ fi irin aláwọ̀ wúrà sí i dípò fàdákà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wúrà, àwọ̀ ewé inú rẹ̀ á jọ ohun tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yàn. Èyí tí ẹ kò bá tíì gbé sórí lathe ni kẹ́ ẹ gba là. Bí túùbù bá ti wà nínú rẹ̀ tó sì jẹ́ súpà gúlù lẹ fi lẹ̀ ẹ́, tí blank ṣì wà ní igun mẹ́rin, ẹ lè fi dírìlì 7.2 mm lu túùbù náà jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti di blank mú ṣinṣin nínú fáìsì, torí idẹ lè ká mọ́ dírìlì lẹ́ẹ̀kan náà kó sì yí blank mọ́ yín lọ́wọ́.